Wọ́n Máa Gbé Mi Kọ́ Okùn

Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kẹta

Màmá mi àtàtà,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ojú lọ́nà. Ṣé ara le? Eékún ńkọ́? Díẹ̀díẹ̀ àbúrò mi ńkọ́, ṣé ó ti ń tètè jí báyìí, àbí orúkọ ṣì ń ro ọmọ? Èmi wà, mò ń mí, mò ń ṣiṣẹ́. Ìwé yìí ò ní gùn, torí bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ kan náà ni mo tún gbé dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ gba físà yẹn. Ìwé ìpè tí mo fi ránṣẹ́ sí yín á ti máa pọ́n létí báyìí. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ ní eékún ni. Lẹ́yìn náà, ẹ ní aṣọ àwọn ọmọ ilé-ìwé tí ẹ ń rán ò tíì parí. Èyí tó kẹ́yìn, ẹ ní fọ́tò tí wọ́n yà fún yín ò dáa, pé ẹ jọ ẹni tó jí ewúrẹ́ gbé. Màmá, ta ló ń rẹwà nínú fọ́tò páálí? Ẹ ṣáà mọ̀ pé èmi ò lè kúrò níbí títí ìwé ìgbélùú mi á fi jáde. Tí mo bá fi ẹsẹ̀ kan kọjá ibodè, wọn ò ní jẹ́ kí n wọlé mọ́. Ẹ̀yin nìkan lẹ lè wá. Ọdún kẹfà rèé tí a ti fojú kan ara wa kẹ́yìn. Ẹ ní tí mo bá pè yín lórí fóònù, ohùn mi máa ń dà bí omi tó ń hó lórí iná. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé bí ará àtijọ́.

Ó ku kan. Ẹ mọ̀ pé ilé ìdáná ọgbà ìgbafẹ́ kan nínú igbó ni mo ti ń fọ abọ́. Ọ̀gá tuntun ti dé, òfin tuntun sì ti dé. Ó ní ó máa kan gbogbo òṣìṣẹ́ pátá, títí kan àwa tí à ń fọ abọ́. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa gbé mi kọ́ okùn. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an, Màmá. Tí mo bá yè é, iṣẹ́ mi dúró. Ẹ fi mí sínú àdúrà. Bọ́ọ̀sì ti ń fọn fèrè.

Ọmọ yín,
Abẹ́rẹ́


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kẹta

Abẹ́rẹ́, ọmọ mi,

Mi ò lè kí ẹ kí n tó bèèrè. Ṣé o ṣì wà láyé?

Kí lo ṣe fún wọn? Ìlú wo ni wọ́n ti ń gbé ọmọ ọlọ́mọ kọ́ okùn nítorí pé ó ń fọ abọ́? Àbí abọ́ tí o ń fọ̀ lo fọ́? Sọ fún ọ̀gá náà pé a máa rà á padà, kódà kó jẹ́ pé wúrà ni wọ́n fi ṣe é. Kí sì ni ìtumọ̀ “ó máa kan gbogbo òṣìṣẹ́”? Ṣé wọ́n ti gbé àwọn tó kù kọ́ ná?

Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo jókòó sí tí mo ń ka ìwé rẹ. Mo tẹ ẹ̀rọ mọ́ ìka ara mi. Mo ní bóyá ojú mi ló ń ṣe mí, mo pe Díẹ̀díẹ̀ kó kà á sí mi létí ọ̀tún. Ohun kan náà ló kà. Ó tẹ nọ́ńbà rẹ, obìnrin kan ló ń fọ èdè tí kò yé wa, ó ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà ṣáá láìmí. Ó tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kejì, obìnrin yẹn náà ló tún gbé e. Ta ni obìnrin yẹn? Kí ló ń fi fóònù rẹ ṣe?

Ọjọ́bọ̀ tí o wí ti kọjá kí ìwé tó dọ́wọ́ mi. Ìyá oníbúrẹ́dì tó wà lójúkojú wa ní kí n fọkàn balẹ̀, pé bóyá okùn mìíràn ni. Mo ní okùn mìíràn wo? Okùn kan ṣoṣo ni èmi mọ̀ tí wọ́n ń gbé èèyàn kọ́.

Mi ò jẹun dáadáa láti ìgbà náà. Tí o bá wà láyé, kọ̀wé sí mi. Tí kò bá sí bébà, kọ ọ́ sára ọ̀rá búrẹ́dì. Tí ọwọ́ ò bá ṣeé gbé, ní kí ẹlòmíì kọ ọ́. Tí ìwọ bá ṣẹ̀ wọ́n ní tòótọ́, jẹ́ kí n gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ kí n tó gbọ́ ọ níta.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹrin

Màmá mi,

Mo wà láyé. Ẹ tún ìlà yẹn kà kí ẹ tó ka ìyókù. Kò sẹ́ni tó fẹ́ pa mí, mi ò sì fọ́ abọ́ kankan.

Nígbà tí mo ka ìwé yín, mo kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín nínú bọ́ọ̀sì, gbogbo èèyàn ń wò mí. Nígbà tí mo dé ibi tí ẹ ti ní kí ẹlòmíì bá mi kọ ọ́, ẹ̀rín di ẹkún. Ẹ dákun, ẹ má bínú. Ìkánjú ló kọ ìwé yẹn, kì í ṣe èmi.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Nínú igbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n kan pákó yí àwọn igi ńlá ká lókè lọ́hùn-ún, ó ga ju òpó iná lọ, bíi pèpéle kéékèèké. Wọ́n wá na okùn láti igi kan sí èkejì. Afárá olókùn wà níbẹ̀ tó ń mì tí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́. Wáyà irin gígùn kan sì wà tó gba orí odò kọjá. Èèyàn á wọ bẹ́líìtì tó gbá itan àti ìdí mú, á fi ìkọ́ so ara rẹ̀ mọ́ kẹ̀kẹ́ kékeré tó wà lórí wáyà yẹn, á fẹsẹ̀ ti ara rẹ̀, á sì yọ̀ lọ ṣùùù dé òdìkejì. Àwọn èèyàn ń tọ̀nà jíjìn wá ṣe é. Ẹ sì bi wọ́n pé kí ni wọ́n wá ṣe, wọ́n á ní ìgbádùn ni. Òfin ọ̀gá tuntun ni pé tí àlejò kan bá há sókè, òṣìṣẹ́ tó bá sún mọ́ ibẹ̀ jù gbọ́dọ̀ lè gòkè lọ mú un sọ̀. Ohun tí mo ní wọ́n máa gbé mi kọ́ nìyẹn.

Màmá, ó yẹ kí n sọ fún yín pé kò le. Ó le.

Obìnrin tó ń kọ́ wa, Ọ̀kẹ́rẹ́ ni mò ń pè é nínú ara mi, torí bó ṣe ń sáré lórí igi. Ẹgbẹ́ mi ni. Ó fa bẹ́líìtì yẹn títí ó fi fún mi nítan, ó dé akoto lé mi lórí, ó ní, “Okùn yìí lè gbé màlúù.”

Mo ní, “Wọ́n ha bi màlúù náà léèrè?”

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo gun àkàsọ̀ náà bí ẹni tó fẹ́ mú nǹkan lórí àjà. Nígbà tí orí mi yọ lókè ewé àwọn igi kéékèèké, mo ṣe ohun tí wọ́n ní kí n má ṣe. Mo wolẹ̀. Ilẹ̀ ti lọ. Ó dà bíi pé ẹnìkan fa ẹní yọ lábẹ́ ayé. Mo rọ́jú dé orí pákó àkọ́kọ́, mo di igi náà mọ́ra, mo lẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mọ́ èèpo rẹ̀, mo dijú. Ọ̀kẹ́rẹ́ ń pè mí láti ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ ni fóònù ti yọ lápò mi. Mo ń retí kó kan ilẹ̀, kò tètè kàn án. Ìgbà tó tó dún ni mo mọ bí mo ṣe ga tó. Obìnrin tí Díẹ̀díẹ̀ ń gbọ́ yẹn, ẹ̀rọ ni. Ó ń sọ pé fóònù mi ti kú.

Ẹ má sọ èyí fún Díẹ̀díẹ̀: mo tọ̀ sára. Díẹ̀ ni o, ṣùgbọ́n mo tọ̀.

Ọ̀kẹ́rẹ́ gòkè wá bá mi, ó ká àwọn ìka mi kúrò lára igi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó so mí mọ́ ara rẹ̀, ó gbé mi sọ̀ bí ẹrù. Mo fìdí rẹmi. Wọ́n ní kí n tún wá ní ìparí oṣù yìí. Tí mo bá tún kùnà, wọ́n á wá ẹlòmíì sí ilé ìdáná, iṣẹ́ yìí ló sì di ìwé ìgbélùú mi mú. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti dùbúlẹ̀, ibùsùn á máa mì lábẹ́ mi.

Ẹ jẹun, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ sì sọ fún mi, físà ńkọ́?

Abẹ́rẹ́ yín


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹrin

Abẹ́rẹ́ mi,

Mo dúpẹ́, mo jó, mo jókòó, mo wá bínú.

Ṣé ìwọ náà nìyí? Ìwọ tí bàbá rẹ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere, máa ń jù sókè, tó sì máa ń hán. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ, tí wọ́n bá jù wọ́n bẹ́ẹ̀, wọ́n á máa rín kèékèé. Ìwọ á ké bí ẹni tí wọ́n fẹ́ dáná sun. Mo ní kó gbé ọmọ mi sílẹ̀, pé ilẹ̀ ni ọmọ yìí wá sí láyé. Igi gíga, ọ̀bọ ló ni ín. Ojú ọ̀run, ẹyẹ ló ni ín, ìyẹ́ ni wọ́n sì fi lé e lọ́wọ́. Kí ni wọ́n fi lé ìwọ lọ́wọ́? Bẹ́líìtì!

Fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀. Mo fi ọyàn tí mo fi bọ́ ẹ bẹ̀ ẹ́. Tí o kò bá lè sọ fún wọn, mo ti kọ ìwé sí ọ̀gá rẹ, òun ló wà nínú àpòòwé kejì. Bá mi túmọ̀ rẹ̀ fún un, má fi kún un, má yọ kúrò. Ohun tí mo kọ nìyí: “Ọ̀gá ọmọ mi, mo kí yín, mo kí ilé yín. Ọmọ tó wà lọ́dọ̀ yín, ẹ jẹ́ kó máa fọ abọ́ rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, kì í jalè. Tí ẹnìkan bá há sórí igi, ẹ fi í síbẹ̀. Tí ebi bá pa á, yóò sọ̀.”

Ní ti físà, ọ̀rọ̀ náà ń lọ. Ìrìnàjò kì í ṣe ohun ìkánjú. Òjò ti ń dé, aṣọ àwọn ọmọ ilé-ìwé tún ti pọ̀ sílẹ̀, eékún yìí náà ò sì tíì gbọ́ràn. Nígbà tó bá yá, ó yá. Má bi mí mọ́.

Ìyá oníbúrẹ́dì ní kí n kí ẹ. Ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ káàkiri àdúgbò, ó ní “ìyá ẹni tí wọ́n so, tí kò kú.”

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹrin

Màmá,

Ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo ra fóònù mìíràn. Díẹ̀díẹ̀ ni mo kọ́kọ́ pè. Kò mọ̀ pé mi ò gbọ́, òun ló wá kí mi kú oríire. Ó ní físà yín ti jáde láti oṣù tó kọjá. Ó ní ẹ gbé e sínú àpótí aṣọ, lábẹ́ àwọn àlòkù, ẹ sì ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.

Mo ti kó lọ sí yàrá tó ní fèrèsé ńlá. Mo ti ra ibùsùn kejì sí i. Mo ti tẹ́ ẹ. Tí mo bá jí láàárọ̀, mo máa ń kí ibùsùn náà bí òmùgọ̀.

Ẹ ní kí n má gun igi. Ẹ ní kí n fiṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ ò ní wá, ẹ ò sì fẹ́ kí n rí ìwé tí màá fi wálé. Kí ni kí n wá ṣe? Tí ẹ ò bá fẹ́ rí mi, ẹ sọ ọ́ lẹ́nu kan, kí n tú ibùsùn yẹn.

Mi ò fún ọ̀gá ní ìwé yín. Ọ̀la ni ìdánwò. Mi ò ní kí ẹ gbàdúrà.

Abẹ́rẹ́


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Karùn-ún

Màmá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò rí èsì. Mo ti dúró de olùpín-lẹ́tà lẹ́nu ọ̀nà títí ọkùnrin náà fi ń yà sí òdìkejì títì tó bá rí mi.

Díẹ̀díẹ̀ ní ara yín yá, pé ẹ kàn dákẹ́ ni. Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń bá ẹ̀rọ ìránṣọ jà, tí ẹ máa ń bi abẹ́rẹ́ léèrè ibi tó sùn? Ó ní ẹ kì í pè é, ẹ kì í pe ẹnikẹ́ni, ẹ kàn ń rán aṣọ. Màmá, mo ti dúró lórí pákó kékeré lójú ọ̀run, kò bà mí lẹ́rù tó bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe bà mí.

Mo yege ìdánwò náà, tí ẹ bá fẹ́ gbọ́. Mo dijú, mo ń sunkún, ikun ń ṣàn nímú mi, mo kọjá. Ọ̀kẹ́rẹ́ ní kò sí òfin tó ní kí èèyàn má sunkún. Kò dùn mọ́ mi. Kí ni mo fẹ́ fi iṣẹ́ ṣe, tí mo bá ti fi ìwé kan pa ẹnu ìyá mi mọ́?

Ẹ fa ìwé yẹn ya. Ẹ kọ ìlà kan sí mi. Ẹ bú mi tí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ sọ̀rọ̀.

Ọmọ yín


Ọjọ́ ọgbọ̀n, oṣù Karùn-ún

Abẹ́rẹ́ mi,

Mi ò ní bú ẹ. Mi ò bínú sí ẹ. Ìdúró ni mo wà tí mo ń ka ìwé rẹ ti oṣù tó kọjá, ibi tí o ti ní ò ń kí ibùsùn ni mo ti jókòó.

Lọ́jọ́ kejì, mo wọ aṣọ ìjáde, mo ní kí Díẹ̀díẹ̀ mú mi lọ sí pápá bàálù. A ò wọlé. Ìta la dúró, lẹ́bàá ọgbà onírin, láàárín àwọn tó ń ta omi. Mo fẹ́ fojú kan ohun tí mò ń sá fún. Mo rí bàálù kan tó ń sáré bọ̀. Mo ní yóò dúró. Kò dúró. Ó gbé imú sókè, ó gba orí wa kọjá. Mo rí ikùn rẹ̀, mo rí bó ṣe ń ká ẹsẹ̀ wọnú bí ẹyẹ. Èèyàn wà nínú ìyẹn, Abẹ́rẹ́. Èèyàn bíi tèmi, pẹ̀lú báàgì lórí itan. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo jókòó sí láàárín àwọn olómi, tòun ti aṣọ ìjáde. Ọ̀kan nínú wọn da omi lé mi lórí. Láti ọjọ́ náà, mi ò rí ohun tí mo lè sọ fún ẹnikẹ́ni.

Eékún ò dùn mí. Aṣọ ilé-ìwé ti parí tipẹ́. Ẹ̀rù ni. Ilé tí mò ń gbé yìí ní òkè, o mọ̀ ọ́n, gbogbo ọdún tí mo ti wà níbẹ̀, mi ò gùn ún rí. Tí onílé bá pè mí, mo máa ń ní kó sọ̀ kalẹ̀ wá, ó rò pé ìgbéraga ni. Mo ní tí mo bá sọ fún ẹ, o máa rò pé ìfẹ́ mi ni kò tó. Báwo ni àgbàlagbà á ṣe jókòó sọ fún ọmọ tó bí pé ẹ̀rù ń ba òun?

Nǹkan kejì wà. Kì í ṣe fóònù ló ń hó bí omi. Èmi ni. Etí òsì mi ti kú. Dókítà ní ọ̀tún náà ti ń tẹ̀lé e, pé kò ní pẹ́. Tí Díẹ̀díẹ̀ bá ń sọ̀rọ̀, ètè rẹ̀ ni mò ń wò. Ìwọ, mi ò rí ètè rẹ. Tí mo bá jókòó nídìí ẹ̀rọ, mo máa ń gbìyànjú kí n rántí ohùn rẹ, bó o ṣe máa ń pè mí láti ẹnu ọ̀nà tí o bá ti ilé-ìwé dé. Mo máa ń rí ojú rẹ, mi ò kì í gbọ́ ọ. Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i kí ilẹ̀kùn tó tì.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bi ìwọ tí mo ní kó má gun igi. Báwo lo ṣe gùn ún? Má fi ohun tí Ọ̀kẹ́rẹ́ sọ dá mi lóhùn, òun ò mọ̀. Sọ òótọ́. Kí lo fi ẹsẹ̀ rẹ ṣe? Kí lo fi ojú rẹ ṣe?

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Kẹfà

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Mo ti ka ìwé yín títí ó fi rọ̀ lọ́wọ́ mi bí aṣọ àlòkù. Mi ò rẹ́rìn-ín. Mi ò rò pé ìfẹ́ yín ò tó. Mo sunkún nítorí etí yín, mi ò sì fẹ́ parọ́ pé mi ò sunkún.

Ẹ ní kí n sọ òótọ́. Nígbà ìdánwò, mi ò mọ òótọ́ kankan, mo kàn dijú ni. Ọjọ́ Sátidé tó kọjá ni mo mọ díẹ̀.

Ìyá àgbà kan wá pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ wọn. Orí ìyá náà funfun, aṣọ wọn mọ́. Àwọn ọmọ ti yọ̀ kọjá odò, wọ́n ń pariwo pé kí màmá àgbà máa bọ̀. Ìyá náà gbéra. Nígbà tí wọ́n dé àárín, ẹ̀rù mú wọn, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di wáyà mú, kẹ̀kẹ́ sì dúró. Wọn ò lọ síwájú, wọn ò padà sẹ́yìn, ẹsẹ̀ wọn ń jó lórí omi. Ọ̀kẹ́rẹ́ wà ní ìkangun igbó lọ́hùn-ún. Alásè, tó sanra bí àgbá, sáré wọ ilé ìdáná, ó ní, “Abẹ́rẹ́, ìwọ ni. Èèyàn méjì ni wáyà máa gbé, ìwọ lo fúyẹ́ jù.”

Ọṣẹ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo nù ún sára aṣọ, mo wọ bẹ́líìtì.

Ẹ bi mí pé kí ni mo fi ẹsẹ̀ mi ṣe. Ó gbọ̀n. Mo bẹ̀ ẹ́ kó má gbọ̀n, kò gbọ́, mo bá jẹ́ kó máa gbọ̀n. Pẹ̀lú gbígbọ̀n rẹ̀ náà ni mo fi gun àkàsọ̀. Ní ti ojú, mi ò lè dì í lọ́tẹ̀ yìí, torí mo gbọ́dọ̀ rí ìkọ́. Mo wá ń wo ìkọ́ nìkan. Ṣé ó ti pa ẹnu dé? Ó ti pa ẹnu dé. Mo tún wò ó. Mi ò rí odò, mi ò rí igi, irin kékeré yẹn ni gbogbo ayé.

Ibi tó burú jù ni ibi tí pákó parí sí. Ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè bá èèyàn gbé e. Mo ní, “Yéè, ìyá mi o,” mo sì jókòó sínú afẹ́fẹ́.

Mo ń fi ọwọ́ fa ara mi lọ lórí wáyà náà díẹ̀díẹ̀ títí mo fi dé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà. Ojú wọn ti funfun.

“Má fọwọ́ kàn mí,” wọ́n ní.

“Mi ò ní fọwọ́ kàn yín, mà. Èmi gan-an ò fẹ́ mira.”

“Ṣé ẹ̀rù ń bà ọ́ ni?”

“Ó ń bà mí kọjá ohun tí ẹnu lè sọ.”

“Kí ló dé tí wọ́n wá rán ẹni tí ẹ̀rù ń bà?”

“Èmi ni mo fúyẹ́ jù, mà.”

Wọ́n wò mí. “Ìyẹn nìkan?”

“Ìyẹn nìkan.”

Ẹ̀rín pa wọ́n. Ẹ̀rín mi wáyà, wáyà mi àwa méjèèjì, a pariwo pọ̀. Mo wá so ìkọ́ mi mọ́ tiwọn. Mo ní kí wọ́n ju ìka kan ṣoṣo sílẹ̀, kì í ṣe ọwọ́. Wọ́n ju ìka kan. A dúró. Wọ́n tún ju kan. Nígbà tí ọwọ́ wọn kúrò, mo fa wá padà sórí pákó, Ọ̀kẹ́rẹ́ ti dé ibẹ̀, ó nawọ́ gbà wá. Ìyá náà lọ bá àwọn ọmọ-ọmọ wọn. Èmi lọ sẹ́yìn ilé ìdáná, mo bi gbogbo ohun tí mo jẹ.

Ẹ̀rù ò lọ, Màmá. Lọ́jọ́ kejì wọ́n tún ní kí n gòkè lọ tú okùn kan, ẹsẹ̀ gbọ̀n bákan náà. Tí ẹ bá ń dúró kí ẹ̀rù lọ kí ẹ tó gbéra, a ò ní ríra. Mi ò sì lè sọ fún yín pé kò sí nǹkan kan tó lè ṣẹlẹ̀.

Tí ẹ ò bá lè wá, ẹ má wá. Mi ò ní bínú mọ́. Ibùsùn ò ní pariwo, màá sì máa kọ̀wé sí yín. Ojú ló ń kàwé, kì í ṣe etí.

Abẹ́rẹ́ yín


Inú bàálù. Mi ò mọ ọjọ́ tí wọ́n ń kà lókè níbí.

Abẹ́rẹ́ mi,

Èyí ò ní gba ọwọ́ olùpín-lẹ́tà. Èmi fúnra mi ni mo gbé e.

Mo ní kí Díẹ̀díẹ̀ sọ àsìkò tí mo máa dé fún ẹ, kó má sọ nǹkan mìíràn. Kò sọ fún ẹ pé mo ti gbéra lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sì padà. Mo dé ibi àyẹ̀wò tí wọ́n ti ń gba bàtà lẹ́sẹ̀ èèyàn, mo bá gba bàtà mi, mo wọ ọ́, mo lọ sílé. Wọ́n yí ọjọ́ inú ìwé ọkọ̀ bàálù náà padà fún mi. Lónìí, mo rìn gba ọ̀nà gígùn kan tó dà bí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo jókòó, mo rò pé yàrá ìdúró mìíràn ni. Ìgbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn ni mo mọ̀ pé mo ti wà nínú rẹ̀. Ká ní mo tètè mọ̀ ni, ǹ bá ti padà.

Nígbà tó gbéra, mo di apá aṣọ ọkùnrin tó jókòó tì mí mú, bọ́tìnnì rẹ̀ já sí mi lọ́wọ́. Mo fi ọwọ́ júwe fún un pé télọ̀ ni mí, pé tí a bá sọ̀, màá bá a rán an. Ó ní kí n dì í mú lọ. Mi ò ní ìkọ́ tí mo lè máa wò, ojú rírán àga iwájú mi ni mò ń wò. Ẹni tó rán an, ọwọ́ rẹ̀ yá jù, òwú fò níbì kan. Ibi tí òwú ti fò yẹn ni mo tẹjú mọ́.

Abẹ́rẹ́, mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún ẹ. Bí a ṣe ń gòkè, etí ọ̀tún mi dún pó, ó sì dí. Mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ọmọ ọwọ́ kan ń ké níwájú, mo rí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, mi ò gbọ́ ọ. Ọkùnrin yìí ń sọ̀rọ̀, ètè nìkan ni. Ọmọbìnrin tó ń pín oúnjẹ fi ọwọ́ júwe fún mi kí n máa yán, kí n máa gbé itọ́ mì, pé ó ń ṣe gbogbo èèyàn, pé yóò ṣí tí a bá dé ilẹ̀. Mo ti yán títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń ro mí. Kò ṣí. Tó bá wá jẹ́ pé èyí tí dókítà sọ náà ló dé ńkọ́, lójú ọ̀nà, nígbà tó ku díẹ̀? Òkè tí mo ti ń sá fún láti kékeré, mi ò rántí rẹ̀ mọ́. Èyí ló ń bà mí lẹ́rù.

A ti ń sọ̀. Ikùn mi ló sọ fún mi. Mo yọjú wo ìta lẹ́ẹ̀kan, mo rí òrùlé ilé, wọ́n pọ̀, wọ́n kéré. O wà lábẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Wọ́n ní kí n ká tábìlì.

Ìwé yìí ni màá kọ́kọ́ nà sí ọ. Má tíì dì mọ́ mi. Kà á tán ná. Màá kọ ẹ̀yìn sí ọ, kí n má baà wo ètè rẹ. Tí o bá kà á dé ibí, pè mí.